Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Mi Bẹ̀ Nítorí Ojú Mi

Ojú òsì mi kò ríran. Bí ẹ bá pàdé mi lọ́nà, tí ẹ kí mi láti apá òsì tí n kò dáhùn, ẹ má pè mí ní agbéraga. Ẹ yí sí apá ọ̀tún kí ẹ tún mi kí. Àwọn ọmọdé àdúgbò wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n ṣì máa ń bi mí pé kí ló ṣe é. Bí mo bá ní omi eérú ni, wọn á mi orí, wọn á ní ṣé n kò lè rọra ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú títí di òní, torí pé mo rọra. Èmi kọ́ ni mo da omi náà sí ara mi lójú.

Bàbá mi, tí ó ń ran awọ ní Àrẹ̀mọ, ni ó mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ aró lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìdí Arère. Ìyá mi ti kú nígbà náà, kò sì sí obìnrin nílé wa tí yóò kọ́ mi ní ohunkóhun. Ọdún méje ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Mo mọ bí a ṣe ń gún ewé ẹlú, tí a ó mọ ọ́n rìbìtì, tí a ó sì sá a. Mo mọ bí a ṣe ń to ìkòkò méjì lé ara wọn, tí ìdí èyí tí ó wà lókè ní ihò. A ó kó eérú sínú rẹ̀, a ó máa bu omi sí i, omi náà yóò sì máa kán tó, tó, tó sínú ti ìsàlẹ̀, yóò pọ́n bí omi àgbo. Òun ni à ń pè ní omi eérú, òun ni a sì fi ń rẹ ẹlú títí yóò fi jí, tí yóò di aró. Bí kò bá mú tó, aró kò ní í jí. Bí ó bá mú jù, yóò jẹ aṣọ, yóò sì jẹ ara ènìyàn pẹ̀lú.

Ahọ́n ni a fi ń mọ bí ó ti mú tó. Ọ̀gá mi kì í tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀ mọ́, ó ní ahọ́n òun ti gbó. Àwa ọmọ iṣẹ́ ni a máa ń tọ́ ọ wò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, títí ahọ́n wa fi bó, tí a kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ tàbí kò sí.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn, obìnrin náà ṣì ṣeé bá gbé. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí aṣọ funfun òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ọjà'ba ní ìdì ìdì, iṣẹ́ pọ̀ débi pé a kò rí ilẹ̀ sá aṣọ sí mọ́, ọ̀gá mi sì yí padà pátápátá. Mo ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi nígbà yẹn. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó ránṣẹ́ pe bàbá mi, kí ó gbàdúrà fún mi lójú àwọn ènìyàn, kí ó sì tú mi sílẹ̀ kí n lọ ri ìkòkò tèmi mọ́lẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n ṣì ran òun lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn sì di ọdún mẹ́ta. Ó ń fún mi lóúnjẹ, ó ń fún mi ní ìró kan lọ́dún, ó sì ń fún mi ní ìfọ́tí. Bí mo bá pẹ́ lódò, ìfọ́tí. Bí òjò bá pa aṣọ tí a sá, ìfọ́tí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ránṣẹ́ pe òjò. Lọ́jọ́ kan ó ju ọmọ odó lu èmi àti obìnrin kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó bà á ní ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ náà kò sì ṣeé nà tán mọ́.

Mo máa ń sá lọ sílé. Bàbá mi á fún mi lóúnjẹ, á ní kí n jẹun kí n sì sùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ó bá ti kírun tán, á mú mi padà lọ sí Ìdí Arère, á dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi, á ní kí ó má bínú, kí ó fojú ọmọ wò mí. Ẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ kejì tí bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ìjà kan ní Àrẹ̀mọ tí wọn kì í wá pè é sí. Bí ọkọ lé ìyàwó jáde, bí ọmọ bú bàbá rẹ̀, wọn á ní ẹ lọ pe bàbá aláwọ wá. Á fi abẹ́rẹ́ àti awọ sílẹ̀, á lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sí iwájú ẹni tí inú ń bí, kò sì ní í dìde títí onítọ̀hún yóò fi ní òun ti gbọ́. Kì í béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí, èmi náà sì ń yangàn pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi.

Ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà'ba ni ó gbé ìró mẹ́rin padà wá. Aró kò mú wọn dọ́gba, ibì kan dúdú, ibì kan ṣì funfun. Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́. Irọ́ gbuu. Ọjọ́ kẹta tí a rẹ aró náà ni ó ní kí a ti aṣọ bọ̀ ọ́, mo sì sọ fún un lọ́jọ́ náà pé aró kò tíì jí, kí a fún un ní ọjọ́ méjì sí i. Ǹ bá kúkú dákẹ́. Mo ti ń dákẹ́ láti ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ tí kò gbé inú mi mọ́, mo sì sọ ọ́ lójú oníbàárà rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, mo sọ fún yín pé aró kò tíì jí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ti aṣọ bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Igbá omi eérú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà á sí mi lójú. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó dà á bí ẹni ń da omi ìfọwọ́ nù, ó sì yíjú padà sí oníbàárà rẹ̀ láti máa bá ọ̀rọ̀ aṣọ lọ.

N kò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàpèjúwe bí ó ti ta mí. Mo ṣáà ń ké. Obìnrin kejì, ọlọ́wọ́ kíká yẹn, ni ó wọ́ mi dé ìdí àmù, tí ó sì ń bu omi lé mi lójú ní igbá igbá. Abiyamọ kan láti ilé kejì sáré wá, ó fún omi ọmú rẹ̀ sí ojú mi méjèèjì, ó ń sunkún bí ó ti ń fún un. Ìyẹn ni wọ́n ní ó gba ojú ọ̀tún mi là. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni mo fi í rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi. Ti òsì kò rí nǹkan kan, ó sì funfun títí di òní. Bàbá mi kò sọ pé kí n padà lọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Èmi fúnra mi ti sọ fún un pé òkú mi nìkan ni wọ́n lè gbé padà síbẹ̀.

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni ìròyìn ti bá mi. Ọ̀gá mi ń sọ kiri láti Ìdí Arère dé Ọjà'ba pé mo ń jí omi eérú bù ni, pé mo fẹ́ lọ fi ri ìkòkò ní kọ̀rọ̀ ilé bàbá mi, pé ìkánjú olè ni mo fi dà á sí ara mi lójú. Ẹ ò rí i bí ó ti gbọ́n tó. Aṣọ máa ń lò tó ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ aláró kí ó tó jáde, nígbà mìíràn a tó ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni yóò gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ fún olè lọ́sẹ̀ kan? Ó ti gba ojú mi, ó tún fẹ́ gba iṣẹ́ mi. Mo ti ro ti ojú pin. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni kí obìnrin yẹn jókòó láàárín àwọn ènìyàn, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni òun da omi eérú sí mi, pé n kò jí nǹkan kan. Bí ó bá ti sọ ọ́, ìkòkò kan tó mi láti fi bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi pé kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Mọ́gàjí agbo ilé wọn, olórí ilé, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ọ̀gá mi. Ó lọ́ra. Ó ń sọ pé kí n ṣe sùúrù, pé Ọlọ́run rí i. Mo ní Ọlọ́run rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni yóò máa gbé aṣọ wá fún mi rẹ. Ó lọ nígbẹ̀yìn. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Oníbàárà Ọjà'ba yẹn ní aṣọ òun ni òun ń wò, òun kò rí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n obìnrin kejì ṣèlérí pé òun yóò wá, pé òun yóò sọ ohun tí òun rí, bí wọ́n tilẹ̀ máa lé òun lẹ́nu iṣẹ́.

Bí èmi àti bàbá mi ti ń lọ lọ́jọ́ náà, tí mo di ojú òsì mi mọ́ inú gèlè, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ wá. Ẹ kàn kí wọn, kí ẹ jókòó."

Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí a rékọjá ìdí Mápó mo tún sọ ọ́, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé wọn mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn ń bọ́ bàtà rẹ̀. Mo rò pé mo ti sọ ọ́ jù ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kún. Mọ́gàjí jókòó lórí awọ àgùntàn, àwọn àgbà ilé jókòó yí i ká, ọ̀gá mi jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, ó da ìborùn sórí, ó fi ọwọ́ lérán bí ẹni tí wọ́n ṣe ní ìkà. Ẹ̀yìn òpó ni obìnrin kejì dúró sí. Gàárì ẹṣin bàbá Mọ́gàjí ṣì wà lára ògiri, láti ìgbà ogun. Bàbá mi ni ó ran gàárì náà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Mo rí i pé ó gbójú sókè wò ó.

Ó dọ̀bálẹ̀ láti kí wọn, bí ó ti yẹ. Wọ́n dáhùn, wọ́n ní kí ó dìde. Kò dìde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilẹ̀:

"Ẹ dákun, ẹ bá wa bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ forí jì wá."

Mo rí i tí ọ̀gá mi sọ ọwọ́ kalẹ̀ lérán, tí ó sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mọ́gàjí wo àwọn àgbà, àwọn àgbà mi orí. Níbi tiwa, ẹ ṣáà mọ̀ bí ó ti rí: ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì sí ẹjọ́ mọ́. Mọ́gàjí ní bàbá dáadáa ni bàbá mi, ó ti fi ọ̀wọ̀ pa ọ̀rọ̀ náà, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ gbọ́.

Mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan wà níbí tí ó rí i. Àgbà kan dá mi lẹ́kun. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ bàbá mi di òpùrọ́ níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí ni? Nígbà náà ni mo rí i pé bàbá mi ṣì wà nílẹ̀. Kò ní í dìde títí ọ̀gá mi yóò fi ní òun gbọ́, ọ̀gá mi kò sì ní í ní òun gbọ́ títí n ó fi kúnlẹ̀. Ó ti darúgbó, ilẹ̀ náà sì tutù. Gbogbo wọn ń wò mí. Obìnrin kejì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo kúnlẹ̀.

Ọ̀gá mi ní òun ti forí jì mí, torí irun funfun bàbá mi. Ó ní ohun tí mo jí, òun kò bi mí mọ́. Ó tiẹ̀ gbàdúrà fún mi, ó tú mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, àdúrà tí mo ti ń retí láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí n dúpẹ́. Mo ní ẹ ṣeun, ìyá. Wọ́n la obì, wọ́n fún mi ní awẹ́ kan, mo sì jẹ ẹ́, kíkorò rẹ̀ kò tilẹ̀ yé mi, ahọ́n mi ti bó tipẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ sí kóòtù tuntun tí àwọn òyìnbó ní kí àwọn ìjòyè máa jókòó sí. N kò sọ fún bàbá mi. Akọ̀wé kóòtù, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́ kan tí ó wọ bàtà aláwọ̀ dúdú, ni ó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, n kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà nílé. Mo ní wọ́n parí rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ó bi mí ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀. Mo ní bàbá mi ni. Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé, àwọn ìjòyè kò ní í tú ohun tí Mọ́gàjí ti dì.

Bí mo ṣe di oníṣòwò eérú nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó gbé aṣọ wá fún mi. Wọn kì í bú mi, wọ́n tiẹ̀ ń kí mi dáadáa. Wọ́n á ní ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ forí jì ni, inú rere ni ìyá yẹn ní. Ṣùgbọ́n aṣọ wọn kò kọjá iwájú ilé wa. Ẹni tí kò ní aṣọ tí yóò rẹ lè sun igi, kí ó jọ̀ eérú rẹ̀, kí ó gbé e fún àwọn tí ń rẹ aṣọ. Olè kò rí nǹkan jí nínú eérú. Mo ń gbé e lọ sí Bẹẹrẹ, mo ń gbé e lọ sí Òkè Bọ́lá. Láìpẹ́, ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá rà á lọ́wọ́ mi, torí pé eérú mi dára. Mo ń tà á fún un.

Èmi àti bàbá mi kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí. Mo ń se oúnjẹ rẹ̀, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń kí i láàárọ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti dá a láre. Mo ní àṣà ni. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, ó dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì jáde kí ó tó mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ti di èdè rẹ̀, báwo ni mo ṣe lè bínú sí i? Ohun tí mo fi ń ra ara mi níyè nìyẹn fún ọdún mẹ́rin. Ó tó mi, mo sì ń sùn.

Ní ọdún kẹrin, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo jókòó lẹ́yìnkùlé, mo ń fi ajọ̀ jọ̀ eérú. N kò mọ̀ pé bàbá mi jáde wá. Apá òsì ni ó gbà wá. Mo kàn gbọ́ pé nǹkan kan gbún ilẹ̀, mo sì yíjú. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú eérú, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, eérú ti bo irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ fún mi lọ́nà lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rù wọn ló bà mí. Forí jì mí."

Bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ tí ó bá rí i tí bàbá rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ba fún un gbọ́dọ̀ fò dìde, kí ó dì í mú kí ara rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tí ǹ bá fi rí i ti kú, n kò lè jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti yíjú báyìí, ojú ọ̀tún mi ti rí i, mo sì mọ̀ pé kò ní í dìde títí n ó fi ní mo gbọ́.

Eérú ṣì wà nínú ajọ̀ náà. Mo jọ̀ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo lọ gbé e dìde.